Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Tí Mo Fi Iṣu Dán Wò

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ta kẹ̀kẹ́ ọmọ ní ọjà Kàbbà, oníbàárà kan ṣoṣo ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún lójú gbogbo ayé. Ìyá Fọlákẹ́, ará Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ni. Kì í ṣe pé mo ní ìrẹ̀lẹ̀ kankan nígbà náà. Ẹni tó bá mọ̀ mí láyé ìgbà yẹn á sọ fún yín pé ẹnu mi mú, mi ò sì gbà rí pé mo ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí títí di òní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo kọ́. Ọ̀gá mi, Bàbá Sálíù, kì í gbà kí ènìyàn fi ojú lásán yẹ kẹ̀kẹ́ wò. Á ní kí o gbé e sókè, kí o yí táyà rẹ̀, kí o wá pa ẹnu dé. Bí irin kan bá ń ráhùn níbì kan, wàá gbọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń gbọ́ irin lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa gba òmìnira, alùpùpù ti gba ìgboro, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ sì ń dínkù lójoojúmọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Èkó láti ra àlòkù tó ti òkè òkun dé. Inú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí kẹ̀kẹ́ ọmọ, ìyẹn àga kékeré tó ní táyà lábẹ́, tí ìyá fi ń ti ọmọ rẹ̀ kiri.

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Kàbbà. "Jídé, ṣé ẹ̀yìn ti tán lára àwọn obìnrin wa ni?" Àwọn tó kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ mi, ẹrù ni wọ́n fi ń kó. Obìnrin kan fi tirẹ̀ gbé jẹ́ríkàn omi, òmíràn fi ń kiri búrẹ́dì, àgbẹ̀ kan láti Pọ̀nyàn sì fi ń kó iṣu láti oko wá sí ẹ̀bá títì. Èmi náà bá wọn lọ bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá ti dé, màá kó iṣu márùn-ún sínú kẹ̀kẹ́, màá tì í láti iwájú ṣọ́ọ̀bù mi dé ìdí igi máńgòrò, màá tún tì í padà. Bí iṣu kò bá bọ́, kẹ̀kẹ́ dára nìyẹn. Bàbá Sálíù ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó sì máa ń wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti gba atẹ́gùn. Á kàn máa wò mí bí mo ṣe ń ti iṣu.

Ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ni ọjà mi yí padà. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin kó lọ sí Lọ́kọ́ja, bẹ́ẹ̀ ni ilé kò sí níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin ń há ara wọn sí yàrá kan. Ọ̀pọ̀ abiyamọ gbé ọmọ fún ìyá wọn nílé, wọ́n á sì máa wá wò wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí ni wọ́n wá ń wá kẹ̀kẹ́ ọmọ gan-an.

Ọ̀kan nínú wọn wọlé tọ̀ mí wá ní ọjọ́ ọjà kan, ó di ìbàdí mú bó ṣe ń rìn, ọmọbìnrin kan tó ti wọ ọdún kejì sì ń bá a bọ̀ lápá aládùúgbò rẹ̀ kan.

"Okun o, ọmọ mi," ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa lágbègbè wa.

"Okun, ìyá. Ẹ jókòó."

Èdè Ìjùmú ló ń sọ, èmi ń fi Owé, èdè Kàbbà, dá a lóhùn, a sì gbọ́ ara wa yé dáadáa. Bí gbogbo ènìyàn yóò ṣe lè kà á ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ó ní òun ṣubú lóko nígbà òjò, láti ọjọ́ náà ni ìbàdí òun kò ti gbádùn mọ́, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọdọ̀ pọn ọmọ mọ́ láyé. Fọlákẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ akọ̀wé ní Lọ́kọ́ja. Tólú, ọmọ Fọlákẹ́, kò tíì rìn, ó sì sanra.

"Bí mi ò bá lè gbé e dé ibi abẹ́rẹ́, kí n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, Fọlákẹ́ ní òun á kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí òun wá tọ́ ọmọ òun. Ọmọ mi, mo ro oko títí kí ó tó kàwé jáde. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yẹn bọ́ nítorí ìbàdí mi."

"Ẹ má dààmú, ìyá. Ẹ ti dé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dé."

Kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta méjì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìkíní jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó ń dán gbinrin, táyà rẹ̀ kéékèèké, ti iwájú sì ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀. Ìkejì ti ṣá, táyà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tóbi, afẹ́fẹ́ ni a ń fà sí wọn bíi ti kẹ̀kẹ́ àgbà, ti iwájú kò sì lè yí. Bí o bá fẹ́ yà, o ní láti tẹ ọwọ́ tí a fi ń tì í mọ́lẹ̀ kí iwájú lè gbéra. Mo ti kó ògbólógbòó tuúbù lé e lórí, mi ò tiẹ̀ ka òun sí ọjà mọ́. Búlúù ni mo fà jáde. Mo kó iṣu sí i, mo fi ìka kan tì í dé ìdí máńgòrò, mo sì tì í padà tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyá, ẹ wò ó! Ṣé iṣu kan bọ́?"

Ó wo iṣu, ó wo ọmọ. "Iṣu tìrẹ jókòó jẹ́ẹ́. Tólú kì í jókòó jẹ́ẹ́ o. Ọ̀nà tiwa náà sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò ti gbẹ́ gọ́tà sí àárín rẹ̀."

"Ibi gbogbo ló ń dé, ìyá."

Ìkọ́ bẹ́líìtì kẹ̀kẹ́ náà ti kán, mo sì sọ fún un, n kò fi bò. Mo ní kó wá nǹkan so ó. Ọ̀já tó fi di ìbàdí ló tú, ó gbé Tólú jókòó, ó sì fi ọ̀já náà gbá a láyà mọ́ àga, ó ta á ní kókó méjì lẹ́yìn. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ tún ń bá kẹ̀kẹ́ pọn ọmọ ni?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá Sálíù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí mọ́tò kan láti Ayétòrò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n tú kẹ̀kẹ́ búlúù náà kúrò lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbé Tólú sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Fọlákẹ́ nìyẹn.

"Ẹ̀yin lẹ ta pàkúté yìí fún ìyá mi?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá ń ti ọmọ náà bọ̀ láti ibi abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí gọ́tà ti dábùú ọ̀nà, Tólú rí ewúrẹ́, ó sì fò síwájú. Táyà iwájú yí bírí, ó há sínú gọ́tà, kẹ̀kẹ́ sì dojú dé sórí òkúta. Ọ̀já yẹn ni kò jẹ́ kí orí ọmọ kanlẹ̀. Inú ọ̀já náà ló so rọ̀ sí títí wọ́n fi gbé kẹ̀kẹ́ dìde. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ló bó díẹ̀. Fọlákẹ́ fa àpòòwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó fi hàn mí. "Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé ni màá fún wọn."

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ: "Ìyá, báwo lẹ ṣe tì í ná?"

Bàbá Sálíù pè mí láti orí àga rẹ̀. "Jídé, ta lo dán kẹ̀kẹ́ yìí wò fún?"

"Fún ọmọ ni, ọ̀gá."

"Kí lo kó sínú rẹ̀?"

"Iṣu ni, ọ̀gá."

"Ṣé iṣu ló wá rà á?"

Mo wo orí ọmọ náà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun rẹ̀, mo sì rántí ẹ̀rín tí mo fi ọ̀já yẹn rín. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ìgbà tí mo fi àyà lélẹ̀ nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi.

"Dìde," ni ìyá wí. "Mi ò wá gba owó, mi ò sì wá bá ọ jà. Kẹ̀kẹ́ tó máa gbé ọmọ yìí ni mo wá mú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá wo ojú ọ̀nà mi."

Mo kó tuúbù kúrò lórí èyí tó ti ṣá náà, mo gbé e sórí mọ́tò, mo mú pọ́ǹpù àti sípánà, mo sì bá wọn lọ. Bí mo ṣe ń lọ, Bàbá Sálíù ní, "Bí o ṣe ń gbọ́ irin, gbọ́ obìnrin yẹn bẹ́ẹ̀."

Ní Ayétòrò, mo rin ọ̀nà náà lọ, mo rìn ín bọ̀, láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ibi abẹ́rẹ́. Mo béèrè ibi tó ti máa ń sinmi, mo béèrè apá tó máa ń dùn ún. Mo wá rí i pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà kúrú jù fún un, ó ní láti tẹ̀ ba kó tó lè tì í. Mo ní kó dúró kó ká apá, mo fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, wẹ́dà kan nítòsí sì jó irin mọ́ ọn títí ó fi ga tó bẹ́ẹ̀. Mo tún búréèkì ẹ̀yìn ṣe kó lè di táyà méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan. Mo gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, èyí tí ìyá á máa so mọ́ ọrùn ọwọ́, kí kẹ̀kẹ́ má bàa sá mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Nígbà tó kan dídán an wò, n kò wá iṣu. Ìyá fi ọ̀já rẹ̀ so Tólú mọ́ ọn, èmi sì ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú wọn, mo la apá sílẹ̀. Ọmọ náà ń fò bí ó ṣe wù ú. Nígbà tí wọ́n dé gọ́tà, ìyá tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ díẹ̀, iwájú gbéra, táyà ńlá méjèèjì ẹ̀yìn sì tẹ̀ lé e kọjá.

"Ìbàdí ńkọ́, ìyá?"

"Apá ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ìbàdí kò tiẹ̀ mọ̀ sí i."

Fọlákẹ́ gbà á, ó tì í gòkè, ó tì í sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó dúró, Tólú ti na ọwọ́ kan ásù, irin àárín táyà, gírísì sì ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fọlákẹ́ wá nǹkan tí yóò fi nù ún nínú báàgì, ó fa bébà kan yọ, ó rún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó jù ú sílẹ̀ ni mo rí i pé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn ni. Ìyá rẹ̀ náà rí i. Omi bọ́ lójú obìnrin náà, èmi sì gbé ojú mi lọ síbòmíràn, torí tèmi náà ń bọ̀.

Ọlọ́run ló mọ iye oníbàárà tí ìyá yẹn rán sí mi láti Mopa, láti Ìyàrà, láti ibi tí n kò tíì dé rí. "Ẹ lọ bá Jídé, ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀." Ohun tó ń sọ fún wọn nìyẹn, ó ń bò mí láṣìírí. Láti ìgbà náà, ọ̀já kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kódà bí bẹ́líìtì kẹ̀kẹ́ bá pé pérépéré, màá fi ọ̀já kan sí i. Fọlákẹ́ ṣiṣẹ́ náà títí ó fi di ọ̀gá, ìyá rẹ̀ sì fojú rí i kó tó papòdà.

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù báyìí, orúnkún kò gbà mọ́. Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó lóyún kúnlẹ̀ kí mi nílé. Ó ní òun fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ọmọ, wọ́n sì ní ọ̀dọ̀ mi ni kí òun kọ́kọ́ dé. Mo ní mi ò tà á mọ́, ṣùgbọ́n mo lè bá a yan èyí tó dára. Mo bi í pé irú èwo ló wù ú. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sí mi, mo sì rí àpá kékeré kan níbẹ̀.

"Ìyá àgbà mi ti kọ́ mi ní ohun tí màá wí," ni Tólú sọ. "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wá wo ojú ọ̀nà mi."

Mo wá bàtà mi.