Etí Tí Kò Tíì Sùn

Iṣẹ́ mi ní ọsibítù Ìlọrin, láyé àwọn òyìnbó àkọ́dé, ni kí n máa kán oògùn oorun sí aṣọ tí a fi bo ojú aláìsàn kí dókítà tó fi ọ̀bẹ kàn án. Kolorofọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Bó bá kéré, aláìsàn á ta jí; bó bá pọ̀ jù, ó di gbéré. Dókítà òyìnbó tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í pariwo. Ó ní kí ìka mi má kúrò lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn, níbi tí iṣan ti ń lù, kí n sì máa pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ó ti sùn nìyẹn.

Sàláátù amọ̀kòkò ló wá lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Kókó kan ti hù sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò lè mọ ìkòkò mọ́. Dókítà kìlọ̀ pé bó bá fi lè mira nígbà tí òun bá ń fi ọ̀bẹ gé kókó náà, iṣan ìka lè já, iṣẹ́ ìkòkò parí nìyẹn. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn.

"Sàláátù, bí o bá gbóhùn ẹni tí o ò rójú ẹ̀, má dáhùn o!"

N kò ka ìyẹn sí. Ta ni ìyá rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún rí?

Mo bo ojú rẹ̀, mo kán oògùn, mo pè é. Kò dáhùn. Dókítà gbé ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe pe "Sàláátù," iṣan abẹ́ ìka mi fò sókè. Mo pe orúkọ mìíràn, "Ràfátù," kò yí padà. Mo tún pe "Sàláátù," ó tún fò. Wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ṣùgbọ́n ta ní í fi ọ̀bẹ ya apirọrọ lọ́wọ́?

"Dókítà, ẹ dúró! Ó ń gbọ́ wa."

"Kò kúkú dáhùn."

"Ẹ fọwọ́ kan ibí."

Ó fọwọ́ kàn án, mo pe orúkọ náà. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ kíá. "Rọra kán sí i," ó ní. Mo ń kán, mo ń pè, títí orúkọ náà kò fi mú iṣan fò mọ́. Ìgbà náà ló tó gé kókó náà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹnu lè dákẹ́ kí ọpọlọ ṣì máa ṣọ́nà. Látọjọ́ náà, tẹ̀sùbáà ni mo ń fún aláìsàn mú dání. Ìgbà tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo tó gbà pé ó sùn.

Nígbà tí Sàláátù jí, ó mi ìka rẹ̀ wò, gbogbo wọn ló mì. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìyá rẹ̀ sáré wọlé.

"Ṣé wọ́n pè ọ́?"

"Wọ́n pè mí, Ìyá."

"Ṣé o dáhùn?"

"N ò dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè mí, ó gbọ́ mi."