Aṣọ Pupa Lórí Òpó Ẹnu Odò

Alásìá là ń pe ìyàwó atukọ̀ tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fi í joyè. Iyanrìn abẹ́ omi ni kì í jókòó síbì kan lẹ́nu odò wa. Ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá lánàá lè di òkìtì lónìí, ọkọ̀ tó bá sì gun òkìtì náà, ìgbì á dojú rẹ̀ dé. Nítorí náà, ní àràárọ̀, obìnrin yìí á wọ ọkọ̀ kékeré, á ti ọ̀pá gígùn bọ omi, á wo ibi tó jìn. Bí ọ̀nà bá là, á ta aṣọ funfun sórí òpó tó wà létí omi. Bí kò bá là, á ta pupa. Èmi ni mo rán méjèèjì, mo sì ká etí wọn dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ya iṣẹ́ ọwọ́ mi lójú gbogbo ayé.

Ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀, onígi, tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn àti ìbòrí lórí. Kì í pe èrò ní èbúté. Ẹbí kan ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, á gbé wọn láti odò bọ́ sí ọ̀sà, láti ọ̀sà bọ́ sí etíkun, á sì dúró dè wọ́n títí wọn á fi ṣe tán. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n aṣọ ìyàwó rẹ̀ ni ọkùnrin yìí fi ń ṣọ́ tiẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú nígbà míì, torí ọkọ tèmi kì í gbà mí gbọ́ bí mo bá ní òjò ń bọ̀.

Àdéhùn kan wà láàárín tọkọtaya náà. Bí pupa bá ti gun òpó, funfun kò gbọdọ̀ rọ́pò rẹ̀ títí omi yóò fi fà tí yóò tún kún. Àwọn ọmọdé ti fi àwọn aṣọ yẹn ṣeré rí, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ fọ́. Látìgbà náà, bí ọkọ rẹ̀ bá rí funfun tó tètè tẹ̀ lé pupa, kò ní kà á sí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ló ń bọ̀ láti ọsíbítù. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un níkùn, dókítà sì kìlọ̀ pé ojú ọgbẹ́ náà kò tíì jinná, kò gbọdọ̀ sí ohun tí yóò máa gbé e jù sókè sódò. Ọ̀nà ilẹ̀ kò ṣeé gbà, kòtò lórí kòtò ni. Bàbá rẹ̀ ní òun á tẹ́ tìmùtìmù sínú ọkọ̀, òun á rọra máa fẹ̀gbẹ́ etíkun bọ̀, òun á sì gba ẹnu odò wọlé.

Alásìá wọn omi láàárọ̀, ó jìn, ó ta funfun. Lẹ́yìn náà ló wá gba aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo rán fún ọmọ náà. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ bá mi ṣe é kíá, ìyá aránṣọ. Òjò ti ń ṣú lápá òkun."

"Bó o bá ń wò mí báyìí, abẹ́rẹ́ á gún mi lọ́wọ́."

Nígbà tí mo parí, a jọ gbé aṣọ náà lọ sílé rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí kì í gbé lọ́dọ̀ wa, tó dé lọ́jọ́ tó ṣáájú láti wá pàdé ọmọ-ọmọ rẹ̀, jókòó sórí àpótí létí omi, ó ń fọṣọ. Mo gbójú sókè. Ìró pupa ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òpó.

"Màmá, ta ló gbé ìyẹn síbẹ̀?" ni Alásìá bèèrè.

"Èmi ni, ìyàwó mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo rí i pé funfun yẹn ti dọ̀tí, mo bá ẹ fọ̀ ọ́. Ìró tí mo fẹ́ fi pàdé ọmọ mi ni mo sá síbẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ dáa."

Àwa méjèèjì wo òkun. Ọkọ̀ náà ti dé iwájú ẹnu odò, ó sì ti kẹ̀yìn sí wa. Apá ibi àpáta ló ń lọ, níbi tí ẹnu odò kejì wà, tí ìgbì ti ń gbá ọkọ̀ bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù. Ojú ọ̀run lápá ibẹ̀ ti dúdú. Mo rò ó pé òwú tí wọ́n fi rán ikùn ọmọ yẹn kò ní dé odò kejì.

Alásìá sáré dé ìdí òpó. Ó fa ìró náà wálẹ̀.

"Ta funfun," ni mo wí.

"Kò ní gbà á gbọ́." Ó fa aṣọ funfun yọ nínú ọpọ́n ìfọṣọ, ó so ó mọ́ orí ọ̀pá gígùn rẹ̀, ó ti ọkọ̀ kékeré sómi. "Ẹ wọlé, ẹ bá mi tukọ̀."

"Èmi? Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Ẹ ò ní wẹ̀. Ẹ máa tukọ̀."

Mo wọlé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí gidigidi, èmi tí mo máa ń di ògiri mú bí mo bá gun àga lásán. Mo gbá àjẹ̀ mú, mo ń wa omi sọ́tùn-ún, mo ń wa omi sósì, ọkọ̀ ń lọ bí ọ̀mùtí.

"Ó máa ń bojú wẹ̀yìn kó tó yí igun àpáta," ni Alásìá wí. Ó ti dìde dúró láàárín ọkọ̀. "Ó gbọ́dọ̀ bá mi lójú ọ̀nà."

A dé ibẹ̀. Ó ti ọ̀pá bọ omi. Ọ̀pá lọ, ó lọ, títí aṣọ funfun fi kan omi, tó fi ku ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ nìkan lókè. Ó fà á yọ, ó gbé e sókè, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó sún wa síwájú, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ funfun ń wọ omi, ó ń jáde. Ẹni tó bá mọṣẹ́ omi á mọ̀ pé ibi tó gbé ọ̀pá yẹn mì, kò sí òkìtì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró. Ó ń súnmọ́ igun. Omi ti dé kókósẹ̀ mi, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n.

"Ẹ má dáwọ́ dúró, ìyá aránṣọ."

Lẹ́yìn náà la rí ẹnìkan tó dìde nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀. Alásìá ti ọ̀pá bọ omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Imú ọkọ̀ náà yí padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjú sí wa.

Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ wa wọlé. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ lábẹ́ ìbòrí, ó gbé ọwọ́ kan sókè kí ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ di ìró tútù rẹ̀ mú níkùn, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o ò wo omi ni?" Alásìá bi ọkọ rẹ̀. "Orí òkìtì ni ìgbì ti ń fọ́, kò sì sí kan tó fọ́ lójú ọ̀nà."

"Mo wò ó."

"Kí lo rí?"

"Mo rí i pé ọ̀nà là. Ọmọ yìí gan-an sọ bẹ́ẹ̀." Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n pupa lo ta. Nínú ojú mi àti aṣọ ẹ, aṣọ ẹ ni mo gbà gbọ́."

Alásìá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo fà á síta lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ní kó dúpẹ́, pé obìnrin mélòó lọkọ fẹ́ràn tó báyìí.

"Ìyá aránṣọ, mi ò ní kó má fẹ́ràn mi," ló wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọjọ́ tí mo bá ṣì í ṣe, á tẹ̀ lé mi wọ inú àpáta."

Mo fi etí aṣọ mi nu ojú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí fèrèsé, mo rí i lójú omi. Ó ń ti ọ̀pá bọ ibì kan náà, ó ń fà á yọ, ó tún ń tì í bọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ dúró létí omi, ó ti tan ẹ́ńjìnnì, kò wo omi rárá. Òpó tí kò tíì sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ló ń wò.