Ó Ṣubú Ni, àbí O Tì Í?

Lọ́sàn-án àná, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Iba, mo ń ka ìwé, nígbà tí mo gbọ́ "gbàà!" níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òpó góòlù wọn, tí wọ́n fi ọparun ṣe, ló ṣubú. Kí n tó gbójú sókè, gìgísẹ̀ ọ̀tún mi ti mira lábẹ́ àga. N kò lè ka ìwé náà mọ́.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pápá oníyanrìn kan wà ní Okokomaiko tí àdúgbò méjì ń jà dù. A gbà pé ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò ni ín títí ìsinmi gígùn yóò fi parí. Èmi ni kípà tiwa. Múyìdéènì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé, ni olórí àwọn tòdìkejì.

Nítorí pé ìkọ̀wé mi dára, èmi ni wọ́n ní kí n kọ òfin eré náà. Òpó kì í dúró dáadáa nínú yanrìn, mo bá kọ ọ́ pé: "Tí òpó bá ṣubú, bọ́ọ̀lù ti kú." Ìyẹn ni pé eré dúró, góòlù kankan kò sì kà. Gbogbo wa fọwọ́ sí i.

Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. N kò sọ ẹni tó mú òpó ṣubú. Àárín eré ni mo tó rí àlàfo náà. A ti fi góòlù kan ṣáájú, Múyìdéènì sì já dé iwájú mi, ó ku èmi àti òun. Mo kàn fi gìgísẹ̀ ta òpó díẹ̀. Gbàà! Bọ́ọ̀lù wọlé, ṣùgbọ́n mo ti ń pariwo: "Ó ti kú! Ó ti kú!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Bùrọ̀dá káfíńtà kan ládùúgbò, tó ń bá wa fọn fèrè eré náà, ṣí ìwé òfin, ó họrí, ó ní, "Ohun tí ẹ kọ nìyí. Kò sí góòlù." Àwọn tiwa ń fò sókè: "Ẹ lọ máa gbá tiyín létí ọ̀sà!"

Múyìdéènì kò bú mi. Ó sún mọ́ mi, òógùn bò ó lójú. "Ìwọ tó mọ Yorùbá jù ní kíláàsì, ó ṣubú ni, àbí o tì í?"

Mo ní, "Lọ ka òfin."

A gba pápá. Lọ́jọ́ kejì a ri òpó mọ́lẹ̀, a dúró títí, kò sẹ́ni tó wá bá wa gbá a. Kí ìsinmi tó parí, àwọn òbí Múyìdéènì ti kó lọ sí Ìlaròó. N kò rí i mọ́.

Ní àná, àríyànjiyàn àwọn ọmọ yunifásítì lórí òpó tó ṣubú kò tán bọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ké sí mi: "Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dá ẹjọ́ yìí!" Wọ́n ti tẹ òfin tiwọn sórí fóònù, ó jọ tèmi gan-an. Mo bi kípà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan: "Ó ṣubú ni, àbí o tì í?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo tì í, sà. Góòlù ni."

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé òpó nàró, eré ń lọ. Pápá tiwa ti di ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọparun kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró nínú yanrìn. Mo padà sórí àga mi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ tán ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, mo ti ń gbé e kiri láti kékeré, n kò sì mọ ilé Múyìdéènì tí n bá gbé e lọ ní Ìlaròó.