Ojú Ewé Ìkẹyìn Nínú Ìwé Mítà Àlímì

Bí ẹ bá dé Òsí, tí ẹ béèrè Àlímì, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹ sọ pé Àlímì Mítà. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná, ṣùgbọ́n orúkọ náà kọ̀, kò fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọ ilé dé ilé, kó ka iye tó wà lójú mítà, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá gbọ́ báyìí á rò pé iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ ni o, nítorí Òsí kì í ṣe ibi tí ènìyàn á ti wọlé onílé kó kàn gbójú sókè wo ògiri. Ó gbọ́dọ̀ kí bàbá, kó kí ìyá, kó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun màmá àgbà, kó jókòó, kó mu omi. Nílé mìíràn, iṣu sísun á ti wà lórí iná, ta ni yóò wá dìde? Títí dòní ó mọ ilé tí mítà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó kékeré, àti bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ kí wọ́n tó wọ ibẹ̀. Ní báyìí, olúkúlùkù ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà sí mítà, kò sẹ́ni tó ń wá kí ẹnikẹ́ni. Àárò ìgbà yẹn ń sọ ọ́, kì í sì í fi pamọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrí tán ni fóònù rẹ̀ dún. Munawwarah ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Ojú rẹ̀ yọ nínú fóònù. "O rù," ni ohun àkọ́kọ́ tí Àlímì sọ. Bàbá wo ni kì í sọ bẹ́ẹ̀?

Ohun kan wà tó ń jẹ́ kí àyà rẹ̀ máa já sí ìpè ọmọ yìí. Lọ́dún tó kọjá ni Hussainat, ìyá Munawwarah, kú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín, bí Mùsùlùmí ti ń ṣe, ọmọ kò sì lè dé bá a. Ó wá ṣèlérí pé òun á wálé fún àdúà ọdún kan, tó bọ́ sí ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá. Àlímì ti kun yàrá rẹ̀. Ó ti ra àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun.

"Bàbá mi, ẹ má bínú," ni Munawwarah wí. "Mi ò ní lè wá mọ́. Òfin tuntun máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa lọ́jọ́ kìíní oṣù yẹn."

"Òfin wo?"

Ó ṣàlàyé. Lọ́hùn-ún, iléeṣẹ́ tó ń ta iná ọ̀tọ̀, èyí tó ni wáyà ọ̀tọ̀, èyí tó ń ka mítà ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn: iye iná tí ilé yìí lò, ta ló ni ín, ta ló ń ta iná fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìlànà bí wọ́n ṣe ń kọ ìsọfúnni náà lè yí padà. Bí àmì kan bá ṣì, ẹ̀rọ kejì kò ní gbà á, á dá a padà. Iṣẹ́ Munawwarah ni láti rí i pé ti iléeṣẹ́ tirẹ̀ kò padà.

"Leah tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní òun lè bá mi jókòó tì í," ó fi kún un, "ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ lọ́dún yìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àlímì ní akínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dùn ún, ẹ̀rín ló máa ń fi bò ó. "Ẹ̀rọ tó ń dá ìwé padà," ó ní. "Ajíbọ́lá náà nìyẹn."

"Ta ló ń jẹ́ Ajíbọ́lá?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí. Lọ́dún 1984, ọ́fíìsì ní kí gbogbo ẹni tó ń ka mítà kọ ìwé tuntun, ilé kan fún ojú ewé kan, kí orúkọ onílé wà lókè, kí ìlà rẹ̀ gún. Ajíbọ́lá ni akọ̀wé tó ń gbà á. Bí ìlà kan bá wọ́, á ní kí wọ́n lọ tún un kọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé Àlímì dà bí ibi tí adìyẹ ti ń ta ilẹ̀, nítorí náà Hussainat, tó kàwé jáde n'Ílọrin, ló bá a kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ajíbọ́lá wò ó, ó yìn ín, ó lu òǹtẹ̀.

Àfi ìgbà tí bíìlì dé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í sì í pe ti ará ilé ọkọ. Kódà ọmọdé tó bá bá nílé, orúkọ mìíràn ni yóò sọ ọ́. Ìyàwó Òsí sì ni Hussainat, gbogbo Òsí ni ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láti kọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ pè, ló bá kọ orúkọ tí òun fún wọn. Bíìlì Ṣítù káfíńtà dé, "Eyínfúnjowó" ló wà lára rẹ̀. Ti Abdulkadir alápatà, tó ti sanra débi tó ń fi ẹ̀gbẹ́ gba ẹnu ọ̀nà, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́" ni. Àlímì ń sáré kiri pé òun á tún un ṣe. Ṣítù ní ẹni tó bá dán an wò, òun àti onítọ̀hún ni. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìyàwó ṣe wà lára bíìlì Òsí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Munawwarah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kí ni wọ́n wá kọ fún ẹ̀yin?"

Àlímì kò mọ̀. Òṣìṣẹ́ iná kì í gba bíìlì nígbà náà, nítorí náà ojú ewé ilé tirẹ̀, tó wà ní ìkẹyìn ìwé, kò kan ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Hussainat fúnra rẹ̀ ló ń gun àpótí ìjókòó ka mítà ọ̀hún lóṣooṣù. "Ilé tiwa, èmi ni mo máa kà á," ló máa ń wí, á sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ka igba mítà, ṣé mítà tún ń wù ú rí ni?

"'Ẹ gbọ́' ni yóò kọ," ó ní. "Bó ṣe ń pè mí nìyẹn kí a tó bí ọ. Ọdún mẹ́sàn-án la fi wá ọ. Ẹ gbọ́, oúnjẹ ti délẹ̀. Ẹ gbọ́, òjò ń bọ̀. Kò ṣáà tíì sí ọmọ tí yóò fi orúkọ rẹ̀ pè mí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé kí n fẹ́ ìyàwó mìíràn, wọn kì í sì í rọra sọ ọ́. Ó ń gbọ́."

"Bàbá mi, bí ìwé náà bá ṣì wà, ẹ lọ mú un wá."

Láti ìgbà tí ọ́fíìsì ti fi ìwé mìíràn rọ́pò rẹ̀, inú àpótí aṣọ Hussainat ló wà, èyí tí Àlímì kò tíì ṣí láti ọjọ́ tó ti kú. Ó ṣí i. Òórùn kánfọ̀ àti ti aṣọ rẹ̀ jáde, ó ní láti jókòó díẹ̀ kó tó fa ìwé náà yọ. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ó ṣí ojú ewé ìkẹyìn, ó gbé e síwájú fóònù.

Munawwarah fa ojú súnmọ́ fóònù.

"O ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ọdún wo lẹ ní wọ́n kọ ìwé yìí?"

"1984. Ó wà lókè níbẹ̀ yẹn."

"Ọdún wo lẹ bí mi?"

"1989. Kí ló dé?"

"Ohun tí wọ́n kọ ni 'Ilé Bàbá Munawwarah.'"

Àlímì gbé ìwé náà lọ sójú fèrèsé, ó fà á mọ́ imú. Yíǹkì kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú ti Ṣítù àti ti Abdulkadir. Ó rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bí àlùfáà ṣe bi òun ní orúkọ ọmọ, tí Hussainat sì ti inú yàrá dáhùn kí òun tó la ẹnu. Ó ti rò pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Hussainat ṣẹ̀ṣẹ̀ mú orúkọ náà. Gbogbo oṣù tó ń gun àpótí ìjókòó yẹn, orúkọ ọmọ tí kò tíì rí ló ń kà kó tó ka iye iná. Àlímì sunkún, kò sì wá ẹ̀rín tí yóò fi bò ó.



"Màá ní kí Leah jókòó ti òfin wọn," ni Munawwarah wí. "Bàbá mi, ẹ dá ìwé yẹn padà sínú àpótí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ilé tiwa, èmi ni mo máa wá kà á."