Ẹja Inú Òkúta

Ọdún Iléyá tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti Àbíjáànì dé pẹ̀lú òkúta pẹlẹbẹ kan tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé. Àwa ti ń retí àǹkárá. Ó ní ọwọ́ ará Mòrókò kan lòun ti rà á. Ẹja kan tẹ̀ sínú òkúta náà torí-tìrù, ìpẹ́ rẹ̀ pé, àwọn egungun lẹbẹ rẹ̀ sì nà jáde tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ tó fọ́nká. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn, orúkọ gbọọrọ tí ahọ́n gbogbo wa kọ̀.

Màmá wa, tó ń ta ẹja òkú inú firísà ní Èjìgbò níbí, fi ìka gbá a kó.

“Ẹja yìí mà gan o! Ta ló gbàgbé ẹ̀ sínú firísà?”

A bú sẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí gbogbo ẹnubodè tó gbé e kọjá ni àwọn aṣọ́bodè ti bi í léèrè títí ó fi sú u.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin wà níbẹ̀. Ìlú Ara nítòsí Èjìgbò ló ń gbé, ó ń dá oko pákí. Kò bímọ rí. Nígbà tí àwọn òbí wa wà ní Àbíjáànì, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi sí láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ilé rẹ̀ ló ti gbọ́n, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ni gbogbo Ara fi ń pè é ní ìyá. Ní Èjìgbò, màmá wa ni wọ́n ń fi orúkọ kan náà pè. A kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa.

Ìyá, bí àwa ọmọ ti ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá wa yìí, nìkan ló ka ẹja náà sí. Ó gbé e lé itan, ó wò ó dáadáa.

“Àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣì wà nínú òkun?”

“Rárá, Ìyá. Sẹ́ finí.”

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ìyẹn nílùú wa. Ilé wo ni Faransé Àbíjáànì ò wọ̀? Ká ní ó fi mọ síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn àlàyé ju oúnjẹ lọ. Ó bá tún un sọ ní Yorùbá kó lè yé wa.

“Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú tán. Ìran wọn ti parun.”

Èpè ni a ń fi gbólóhùn yẹn ṣẹ́. Màmá wa ké “Sùbùhánálláhì!” Inú bí mi débi pé mo fẹ́ já òkúta náà gbà kí n sọ ọ́ síta.

Ìyá gbé òkúta náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní òun fẹ́ tètè rí ọ̀kadà Ara. Mo mọ̀ pé bó bá lọ bẹ́ẹ̀, ó di gbére nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹja ni mò ń wí.”

“Mo mọ̀ pé ẹja lò ń wí. Ẹja ò bí mi nínú.” Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Èmi ńkọ́? Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ta ni wọ́n máa ní mo bí?”

Ẹ̀gbọ́n mi gbórí sókè nílẹ̀, ó lanu, ṣùgbọ́n ojú màmá wa ló kọ́kọ́ wò. Èmi náà wò ó. Màmá wa nu ọwọ́ sára ìró.

“Kí lò ń wò mí fún?” ló wí. “Dá ìyá ẹ lóhùn.”