Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Káńsù Pọn Ọmọ Mi Sọdá Márosẹ̀

Ẹni tí kò bá tíì pọn ọmọ ọdún mẹ́jọ rí, kó má bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro. Ọmọbìnrin mi kò rìn, kò sọ̀rọ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì dúró dáadáa láti ìgbà tí mo ti bí i. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ wá wo ẹnu tó fi ń jẹun! Ó ń jẹ ẹ̀bà bí ẹni tó ti ń po kọ́ńkéré láti àárọ̀, gbogbo ẹ̀bà náà ló sì ń dúró sí i lára. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Ṣàngótẹ̀dó nígbà náà: ẹsẹ̀ mi lórí maṣíìnì, ọwọ́ mi kan lára aṣọ oníbàárà, ìkejì lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ. Bàbá rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà lọ́hùn-ún ní Free Zone, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá. Alẹ́ Sátidé ló ń wọlé, bó bá sì ti wọlé báyìí, oorun ni. Èmi nìkan ni oorun ò mọ ilé mi.

Mi ò béèrè ilé, mi ò béèrè mọ́tò. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan bá mi gbé ọmọ yìí, kí n sùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àsìkò yẹn ni wọ́n ń tún títì márosẹ̀ ṣe, tí gbogbo ọ̀nà láti Ajah lọ di eruku àti tìpà. A ṣàdédé gbọ́ pé káńsù fẹ́ ṣe ibì kan fún àwọn ọmọ bíi tèmi. Nọ́ọ̀sì á máa wò wọ́n níbẹ̀, wọ́n á máa bá wọn na ẹsẹ̀, ìyá á gbé ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀, á wá mú un nírọ̀lẹ́. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ, mi ò purọ́. Wọ́n ní kí àwa òbí wá sípàdé ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa, ká jọ pète rẹ̀. Wọ́n wá fi kún un pé ká jọ̀ọ́, ká má mú ọmọ kankan dání, kí ariwo má pọ̀.

Ẹ gbọ́ ná! Bí mo bá rí ẹni tí mo lè gbé e fún, kí ni mo ń wá lọ sípàdé? Gbogbo wa la gbé ọmọ wa lọ.

Wọ́n gba àdúrà mùsùlùmí, wọ́n gba tonígbàgbọ́. Wọ́n kí àwọn tó jókòó sí tábìlì iwájú níkọ̀ọ̀kan, wọ́n kí àwọn tó yẹ kó wá àmọ́ tí wọn ò wá, ọmọ mi sì ti fi itọ́ rin èjìká mi gbingbin kí ẹnikẹ́ni tó dé orí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó ètò ìlera ní káńsù ló wá dìde. Agbádá funfun ló wọ̀, sítáàṣì inú rẹ̀ ń dún bó ṣe ń rìn. Ó tẹ́ àwòrán ilé kan síwájú wa, ilé tó dára, tó ní fàráńdà. Inú wa ń dùn, a ń pàtẹ́wọ́, àfìgbà tó sọ ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí.

Òdìkejì márosẹ̀! Ó ní ọlọ́ọ̀rẹ kan ló fún àwọn nílẹ̀ ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Kò sí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kankan lágbègbè wa nígbà yẹn, kọ́ńkéré tí wọ́n sì tò sí àárín títì ga dé ibàdí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn yẹn gan-an, lọ́dọ̀ tiwa níbí, tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Inú bí mi. Èmi, bí inú bá ti bí mi, ẹnu mi kì í ní bíréèkì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa bá wa gbé wọn sọdá?"

Ó ní, "Ìyá, ẹ rọra. Òdìkejì títì lásán nìyẹn. Kí ló ṣòro níbẹ̀?"

"Kò ṣòro fún ẹni tí kò pọn nǹkan kan, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ohun tí ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ sọ níwájú ìyá ọmọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá òde òní, ẹ ti gbẹgẹ́ jù. Ìyá mi pọ̀n mí lọ sóko, ó tún ru igi bọ̀. Kí ló wà nínú ọmọ pípọ̀n? Èmi yìí gan-an lè pọ̀n ọ́n sọdá!"

Màmá àgbà kan tó ń ta ẹja ní Eleko, tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìró tó ró sókè. Ó gbọn ọ́n, ó tẹ́ ẹ sọ́wọ́.

"Ó yá, sà," ni màmá wí.

Yéè! Ẹ̀rín bẹ́. Àwọn ará tábìlì iwájú ló ń pàtẹ́wọ́ jù. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò síbi tó máa gbà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ fún mi, ó ká agbádá léjìká, ó tẹ̀ síwájú.

Àwa ìyá ń pariwo pé, "Ẹ tẹ̀ dáadáa, sà! Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí i! Ikùn yín lẹ ń gbé síta, ẹ̀yìn la fẹ́!"

A gbé ọmọ mi lé e, a di ìró, a fi ọ̀já lé e, ẹsẹ̀ ọmọ ń jù dìrọ̀dìrọ̀ ní orúnkún rẹ̀. Màmá eléja wá bá a sọ ọ́ létí, gbogbo wa sì gbọ́: "Ẹ ṣọ́ra o. Ọmọbìnrin ni. Bó bá já bọ́ lẹ́yìn yín, ọkọ méje ló máa kú mọ́ ọn lórí!" Ọ̀gá ti ń làágùn kó tó jáde ní géètì.

Ìyá méjì dúró tì í lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin tó ń na àsíá pupa fún àwọn tó ń ṣe títì lajú sílẹ̀. "Ọ̀gá, na you be that?" Ó dá tìpà dúró fún wọn. Wọ́n dé àárín. Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ kan kọjá kọ́ńkéré, ìkejì kọ̀ jálẹ̀, kò lè gbé e. Agbádá ti há sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tìpà bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè, alásìá ní láti jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Bí ọ̀gá káńsù ṣe di ẹni tó gun kọ́ńkéré bí ẹṣin nìyẹn, tí eruku ń dà lé sítáàṣì, tí àwọn ìyá méjèèjì di ọmọ mú gírígírí. Ọmọ mi, tí kì í rẹ́rìn-ín sí àlejò, bú sẹ́rìn-ín kèékèé. Ó fẹ́ràn ariwo ọkọ̀ ńlá. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó tọ̀ sí ọ̀gá lẹ́yìn.

Èmi dúró sí ẹ̀bá títì. Mo ti fi fìlà ọ̀gá dé orí. Mo wo ọwọ́ mi, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀sán gangan, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo! Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo máa fi wọ́n ṣe. Obìnrin kan ń sun àgbàdo níbẹ̀, mo ra ọ̀kan, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Omi lé ròrò sí mi lójú, mo sì ń jẹun.

"Ìyá ọmọ dà? Ìyá ọmọ dà o?" Ọ̀gá ló ń pariwo láti àárín títì. Mo gbọ́. Ṣe ni mo kẹ̀yìn sí wọn.

Wọn ò dé òdìkejì. Alásìá tún dá ọkọ̀ dúró, wọ́n sì fà á padà. Ọ̀gá wá dúró síwájú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ gba ọmọ yín, mà."

"Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ n jẹ èyí tán."

Ó wò mí. Ó wo àgbàdo. Ó dúró, ó fọwọ́ kan gbé orí ọmọ mi ró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí gbogbo abiyamọ ṣe máa ń ṣe. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ó wá yíjú sí mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn, tó ti tẹ̀ lé wa jáde.

"Yàrá ẹ̀yìn yẹn," ó ní, "ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?"

Mo jẹ àgbàdo náà dé ṣùkù, mi ò sì kánjú.