Ọkọ mi ní kí n tẹ̀ka sí ilé ìyàwó kékeré

Ọkọ mi pè mí sí pálọ̀ láàárọ̀ yìí pé kí n wá tẹ̀ka.
Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyàwó rẹ̀ kékeré ló ni ilé wa tuntun ní Arámọkọ, kí ẹbí má baà lé e jáde tí òun bá kú. Èmi ni ẹlẹ́rìí!

Èmi tí mo fi orí ru kòkó tí a fi kọ́ ilé náà!

Mo ní, "Baba Síkírù, tèmi dà?"
Ó ní, "Ìwọ ò béèrè rí."
"Ó dáa, mo béèrè báyìí. Oko kòkó ni mo fẹ́. Ẹ kọ ọ́ kí n tó tẹ̀ka."

Ọkọ mi dákẹ́. Ìyàwó kékeré tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló mú gègé: "Baba, òótọ́ ni Ìyá wa sọ. Ẹ jẹ́ n bá yín kọ ọ́."
Ọkọ mi rẹ́rìn-ín sí i, ó sì buwọ́ lù ú.

Oko ti di tèmi, àmọ́ owú ń jẹ mí ju ti àárọ̀ lọ. Èmi béèrè, ó dákẹ́. Obìnrin yẹn bá mi béèrè, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní orogún, ṣé ẹ̀yin á dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà?